Òtútù Òwúrọ̀ àti Ooru Ọ̀sán ní Niamey

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti Èkó, Kútọnu tàbí Lómé wá sí Niamey lákòókò ọyẹ́ a máa bi mí léèrè ìdí tí òtútù fi ń mú ni ní kùtùkùtù ní ìlú tí oòrùn ń jóni lọ́sàn-án. Ó yẹ kí ẹ̀yin tí ẹ ó di olùkọ́ mọ ìdáhùn rẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún, ooru ọ̀sán Niamey a máa tó nǹkan bí dígíríì Celsius 32; ní àfẹ̀mọ́júmọ́, a wálẹ̀ sí nǹkan bí 16. Àlàfo tí ń bẹ láàárín wọn jẹ́ 16. Ti Kútọnu, létí òkun, kò ju nǹkan bí ìdajì rẹ̀ lọ.

Ìlà ìbú ayé ni a fi ń mọ bí ìlú ti jìnnà sí agbedeméjì ayé tó. Kútọnu wà nítòsí ìlà 6, Niamey nítòsí 13 àti ààbọ̀. Ṣé bí a ti ń lọ sí àríwá ni àlàfo náà ń gbòòrò sí i? Rárá o. Lọ́ńdọ̀nù wà nítòsí ìlà 51 àti ààbọ̀, síbẹ̀ àlàfo tirẹ̀ ní oṣù kan náà kò ju nǹkan bí 5 tàbí 6 lọ. Oòrùn ibẹ̀ kì í ga nígbà náà, ọ̀sán sì kúrú. Ooru tí ilẹ̀ ń rí gbà kò tó nǹkan. Iṣẹ́ ìlà ìbú nìyẹn.

Iṣẹ́ yòókù di ti omi inú afẹ́fẹ́. Lóru, ilẹ̀ a máa tú ooru tí ó gbà lọ́sàn-án padà sójú ọ̀run. Ìkùukùu àti ọ̀rinrin a máa dá a dúró, gẹ́gẹ́ bí aṣọ ìbora. Ọyẹ́ tí ń fẹ́ láti Sàhárà gbẹ. Ó ń ká aṣọ náà kúrò lára ilẹ̀.

Niamey fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí. Ní oṣù kẹjọ, nígbà òjò, ooru ọ̀sán tún jẹ́ nǹkan bí 32, ṣùgbọ́n ti òru kì í sábà wálẹ̀ ju nǹkan bí 23 lọ. Ìlú náà kò kúrò lórí ìlà ìbú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni ó yí padà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ka tẹmómítà lábẹ́ ibòji lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́: ní àfẹ̀mọ́júmọ́ àti ní agogo mẹ́ta ọ̀sán. Olùkọ́ tí ó bá fi ọ̀sán nìkan mọ ojú ọjọ́ lè pe ọmọ tí òtútù ń gbọ̀n ní ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀wù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ọmọ náà wọ̀ wá sílé ìwé.