Èjìká Tó Ń Dun Àwọn Ọ̀dọ́ Tó Ń Gbé Irin

Bí ẹ bá jí ní kùtùkùtù ní ọ̀pọ̀ àdúgbò wa, ẹ ó rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń gbé irin lẹ́yìnkùlé. Àwọn kan ń lọ sí ibi tí wọ́n ti ń sanwó. Àwọn mìíràn rọ kọnkéré kún agolo méjì, wọ́n sì fi ọ̀pá irin so wọ́n pọ̀. A kò bá wọn wí. Pọ́ọ̀lù pàápàá gbà pé eré ìmárale ní èrè díẹ̀ tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwà-bí-Ọlọ́run ló lérè jù (1 Tim. 4:8).

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ń rò: “Èjìká ń dùn mí.” Àwọn kan ń fara dà á, wọ́n ní akin kì í sunkún. Àwọn kan ń gbé oògùn ìrora mì kí wọ́n tó gbé irin. Àwọn mìíràn ní ọfà ọ̀tá ni. Wọ́n ń gbààwẹ̀ lé e lórí, síbẹ̀ wọn kò fi irin sílẹ̀ fún ọjọ́ kan. Nítorí gbogbo wọn la ṣe kọ èyí.

BÍ ỌLỌ́RUN ṢE DÁ ÈJÌKÁ

Kò sí oríkèé nínú ara tó ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún tó èjìká. Orí eegun apá rí roboto, kòtò tó jókòó sí kò sì jìn. Ó dà bí ọsàn tí a gbé lé àwo pẹrẹsẹ kékeré. Iṣan mẹ́rin ló yí i ká, tí wọ́n ń dì í mú kí ó má bàa yẹ̀. Eegun kan ṣíji bò ó lókè bí òrùlé, àlàfo tóóró tó wà láàárín wọn sì ni okùn iṣan gbà kọjá. Bí ẹrù bá ju ohun tí okùn yìí ti mọ́ lára lọ, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dunni.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Lákọ̀ọ́kọ́, ìgbà tí irin bá ga ju orí lọ nìkan ni yóò máa dunni. Lẹ́yìn náà, yóò di ìgbà tí a bá ń wọ ẹ̀wù. Nígbà tó bá yá, a kò ní lè fi ẹ̀gbẹ́ náà sùn mọ́. Bí a kò bá gbọ́ ìkìlọ̀, iṣan náà lè ya.

OHUN TÓ Ń FÀ Á

Èkíní ni ìkánjú: ẹni tó ń gbé ogún kílò lánàá fẹ́ gbé ogójì lónìí nítorí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé e. Èkejì ni gbígbé irin sọ̀ kalẹ̀ sẹ́yìn ọrùn, tàbí kí a dùbúlẹ̀ ti irin sókè láti àyà pẹ̀lú ìgbọ̀nwọ́ tó nà sí ẹ̀gbẹ́ bí ìyẹ́ ẹyẹ. Ẹ̀kẹta ni pé àyà nìkan ni ọ̀pọ̀ ń kọ́, wọ́n gbàgbé ẹ̀yìn. Ẹ̀kẹrin ni àìsinmi.

OHUN TÓ YẸ KÍ A ṢE

Ẹ fi èyí tó ń dunni sílẹ̀ ná, ṣùgbọ́n ẹ má so apá náà mọ́ra bí ẹni tó kán, kí ó má bàa le. Ẹ lè máa kọ́ ẹsẹ̀ nìṣó. Bí ẹ bá padà sí irin, kí ó fúyẹ́. Ẹ jẹ́ kí ìgbọ̀nwọ́ súnmọ́ ìhà díẹ̀, kí irin má sì lọ sẹ́yìn ọrùn. Iye ìgbà tí ẹ bá ti irin síwájú, kí ẹ fa irin sọ́dọ̀ ara tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ gé rọ́bà inú táyà tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ so ó mọ́ òpó ní ọ̀gangan ìgbọ̀nwọ́. Ẹ dúró kí òpó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ẹ ká ìgbọ̀nwọ́ mọ́ ìhà, kí ẹ sì fi ọwọ́ fa rọ́bà náà síta pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ní ìgbà mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ sinmi, kí ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i. Bí ìrora bá pọ̀ sí i ní ọjọ́ kejì, ẹ dín in kù. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti oògùn bí ibuprofen àti diclofenac, wọ́n lè dá egbò sí ikùn, wọ́n sì lè pa kíndìnrín lára. Ẹni tó di ajá tó ń gbó lẹ́nu kò tíì lé olè lọ.

ÌGBÀ TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ DÚRÓ

Bí ìrora èjìká tàbí ti apá bá bá àyà dídùn, òógùn tàbí èémí kúkúrú rìn, ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Ó lè jẹ́ ọkàn. Bí èjìká bá yẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí kò kọ́ ọ fà á. Bí apá kò bá ṣeé gbé mọ́, tàbí tó kú tipiri, tàbí tí èjìká wú pẹ̀lú ibà, ẹ lọ rí dókítà. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS kò gbọdọ̀ di ẹ̀bi ru irin lásán, nítorí àìsàn yẹn lè dí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti dé orí eegun apá, kí eegun náà sì máa kú. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá wa ní àwọn tó ń fi eré ìmárale tọ́jú oríkèé. Ilé ìwòsàn eegun ti Ìgbóbì ní Èkó ti wà láti 1943, nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́.

ÀDÚRÀ ŃKỌ́?

A gbà pé Jésù ń wo aláìsàn sàn, ẹ sì pe àwọn alàgbà kí wọ́n gbàdúrà (Jak. 5:14). Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù tó ń gbàdúrà fún aláìsàn náà ló gba Tímótíù nímọ̀ràn ohun tí yóò lò nítorí inú rẹ̀ (1 Tim. 5:23), oníṣègùn sì ni Lúùkù (Kol. 4:14). Lílọ rí dókítà kì í ṣe àìnígbàgbọ́.

Ẹ̀yin òbí, ìrora tó ń dé nígbà tí a bá gbé irin, tó sì ń rọlẹ̀ nígbà tí a bá sinmi, ti fi ọ̀nà tó gbà wọlé hàn. Ẹ má jẹ́ kí ó sọ ìyá àgbà di àjẹ́ nínú ilé yín. Èjìká lè sàn ní oṣù mẹ́ta, ṣùgbọ́n ìdílé tó bá tú nítorí ẹ̀sùn èké kì í tètè tò.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Apá yín ni ẹ ó fi ṣiṣẹ́ jẹun, òun náà ni ẹ ó fi gbé ọmọ yín. Kí Olúwa fún yín ní ìlera àti ọgbọ́n láti tọ́jú rẹ̀, ní orúkọ Jésù. Àmín.