Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Bí fọ́tò yíyà ṣe ń ṣe ìrántí wa

Ẹ̀yin ará wa ní Libreville, ṣọ́ọ̀ṣì Saint-Michel ní Nkembo ní òpó igi 31 tí wọ́n gbẹ́ ìtàn Bíbélì sí lára. Kò sí àlejò tó débẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kì í wá fóònù. Ẹ dúró ná!

Ní 2014, Linda Henkel, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rìn káàkiri mùsíọ́mù, wọ́n ya fọ́tò àwọn nǹkan kan, wọ́n kàn wo àwọn yòókù. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ohun tí wọ́n yà lódindi ni wọn ò rántí dáadáa, àfi bí ẹni pé ọkàn ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún kámẹ́rà. Èyí tí wọ́n fà súnmọ́ tòsí, tí wọ́n ya apá kan rẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ohun tí ìwádìí mìíràn ní 2017 fi hàn yàtọ̀ díẹ̀: fọ́tò máa ń jẹ́ ká rántí ohun tá a rí, àmọ́ ó máa ń dín ohun tá a gbọ́ kù. Èyí ló ká mi lára jù, torí orin ìsìn ọjọ́ Àìkú ní Saint-Michel dùn gan-an. Ẹ yan òpó kan, ẹ wò ó fínnífínní, ẹ ya ojú kan ṣoṣo lára rẹ̀, kí ẹ sì ti fóònù bọ àpò kí orin tó bẹ̀rẹ̀.