Asẹ́ Omi Tí Ó Yẹ Ọmọ Ẹja Wẹ́wẹ́

Ẹni tí ó bá ti tọ́ ọmọ ẹja àrọ̀ rí nínú àpótí gíláàsì tàbí nínú ọpọ́n ńlá yóò mọ irú ìbànújẹ́ tí ó ń báni nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, tí a kò sì rí ju ìdajì àwọn ọmọ tí ń wẹ̀ ní alẹ́ àná lọ. Ẹlòmíràn a ní olè ni. Ẹlòmíràn a ní àwọn tí ó tètè dàgbà ni ó jẹ àwọn kéékèèké, ìyẹn sì lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, nítorí àrọ̀ a máa jẹ ọmọ ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà púpọ̀, bí a bá tú ẹ̀rọ tí ń sẹ́ omi, inú rẹ̀ ni a ó ti bá wọn.

Kí ni iṣẹ́ asẹ́ gan-an? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìdọ̀tí tí ojú ń rí nìkan ni ó ń kó. Iṣẹ́ rẹ̀ tí ó tóbi jù lọ ni èyí tí ojú kò rí. Ẹja a máa tú ohun kan tí à ń pè ní amóníà jáde láti ara rẹ̀, oúnjẹ tí ó ṣẹ́kù tí ó sì jẹrà a sì máa fi kún un. Omi lè mọ́ gaara, kí a lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, síbẹ̀ kí amóníà inú rẹ̀ tó èyí tí ń pa ọmọ ẹja. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tí ń sọ amóníà yìí di náítíráìtì, èyí tí òun náà jẹ́ májèlé. Àwọn mìíràn sì ń sọ náítíráìtì di náítíréètì, tí kò le tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ibi tí wọn yóò fara mọ́ ni wọ́n ń wá, àti omi tí ń ṣàn gba ara wọn pẹ̀lú afẹ́fẹ́ ọ́síjìn nínú rẹ̀. Ilé wọn ni asẹ́ jẹ́.

Nígbà tí ọmọ àrọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ẹyin, kò gùn ju mílímítà 7 lọ. Ẹ wá ro ohun tí ẹ̀rọ alágbára tí à ń fi kọ́ etí àpótí, tí ń fi ọ̀pá fa omi, yóò ṣe sí irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀. Bí kò tilẹ̀ fà á wọlé, ìṣàn omi yóò máa gbé e kiri títí agbára rẹ̀ yóò fi tán. Mo ti rí àwọn tí wọ́n ná owó púpọ̀ lórí irú ẹ̀rọ yìí nítorí pé òun ni ó tóbi jù ní ìsọ̀. Bí ẹ bá ti rà á ná, ẹ fi fóòmù bo ẹnu ọ̀pá tí ń fa omi, kí ẹ sì dín agbára rẹ̀ kù bí ó bá ní ibi tí a ti ń dín in. Asẹ́ tí à ń tẹ́ sábẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ kò fa ọmọ ẹja, ṣùgbọ́n àtifọ̀ rẹ̀ jẹ́ làálàá.

Èyí tí èmi yóò yàn ni asẹ́ oní-fóòmù, tí owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Fóòmù ni, tí ọ̀pá kan dúró láàárín rẹ̀, tí ẹ̀rọ kékeré sì ń fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ìsàlẹ̀ ọ̀pá náà. Bí ìfóòfó afẹ́fẹ́ ti ń gòkè nínú ọ̀pá, ó ń gbé omi lọ sókè, omi mìíràn a sì gba ara fóòmù wọlé láti rọ́pò rẹ̀. Nítorí pé gbogbo ara fóòmù ni omi ń gbà, fífà rẹ̀ kò le níbì kan. Afẹ́fẹ́ kan náà ń fún omi ní ọ́síjìn. Àwọn tí ń sin edé wẹ́wẹ́ nínú àpótí gíláàsì fẹ́ràn rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí edé a máa gun ara fóòmù láti ṣa oúnjẹ jẹ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gé fóòmù ibùsùn tàbí ti ìfọṣọ lò. Oògùn lè wà lára rẹ̀.

Èmi pàápàá ti ṣe àṣìṣe kan rí. Mo gbé fóòmù tí ó ti dọ̀tí sábẹ́ omi ẹ̀rọ, mo fọ̀ ọ́ títí ó fi funfun, inú mi sì dùn. Kò tó ọjọ́ mẹ́ta tí àwọn ọmọ ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó. Oògùn kílórínì inú omi náà ti pa àwọn kòkòrò tí ń bá mi ṣiṣẹ́. Ohun tí ó yẹ ni kí a bu omi láti inú àpótí náà sínú korobá, kí a fún fóòmù nínú rẹ̀ nígbà díẹ̀, kí a sì dá a padà kíákíá. Bí fóòmù bá jẹ́ méjì, ẹ má ṣe fún méjèèjì lọ́jọ́ kan náà.

Fóòmù tuntun kò tíì ní kòkòrò kankan. Ó ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó. Nítorí náà, kí ẹyin tó pa ni a ti ń múra. Bí ẹ bá ní àpótí mìíràn tí ẹja inú rẹ̀ ń ṣe dáadáa láìsí àìsàn, ẹ ki fóòmù tuntun bọ inú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ náà.

Ó ku ọ̀rọ̀ iná mànàmáná. Ẹ gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ sí ibi tí ó ga ju ojú omi lọ, nítorí bí iná bá lọ, omi lè gba inú rọ́bà padà sínú ẹ̀rọ. Àgbà àrọ̀ lè yọ ẹnu sókè kí ó mí afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ títí di bí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Ọ́síjìn inú omi nìkan ni ó ní. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ oní-bátìrì kan ní ẹ̀gbẹ́ àpótí lè gba gbogbo wọn là ní òru ọjọ́ kan. Bí kò bá sí, ẹ má ṣe fún wọn ní oúnjẹ nígbà tí iná kò bá sí, kí ẹ sì máa fi ife bu omi náà, kí ẹ máa dà á padà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti òkè, títí iná yóò fi dé.