Àgbà Tí Kò Ní Òfì, Kí Ó Ra Kíjìpá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní: "Kíjìpá ni aṣọ ọ̀lẹ, òfì ni aṣọ àgbà, àgbà tí kò bá ní òfì, kí ó ra kíjìpá." Ẹni tí kò bá ro òwe yìí jinlẹ̀ lè sọ pé ọ̀lẹ ni ó ń bú. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn lórí owó aṣọ ni ó wà ní ìparí rẹ̀. Kíjìpá ni aṣọ òwú tí ó nípọn, tí àwọn obìnrin ń hun nínú ilé láyé àtijọ́. Kì í dán, bẹ́ẹ̀ ni kì í tètè gbó. Òfì, tí a tún ń pè ní aṣọ òkè, ni aṣọ iyì. Nínú rẹ̀ ni a ti rí sányán, àlàárì àti ẹtù, owó gidi ni a sì fi ń rà wọ́n. Òwe náà kò ní kí àgbà tí kò ní òfì jókòó sílé, kò sì ní kí ó tọrùn bọ gbèsè nítorí òfì. Ohun tí ó wí ni pé kí ó ra èyí tí agbára rẹ̀ ká, kí èyí tí ó rà náà sì jẹ́ ojúlówó.

Ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ tí ń gba owó oṣù àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ń retí owó láti ilé, nígbà tí wọ́n bá dúró níwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù aṣọ tí à ń pè ní bùtíìkì ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Kò sí ẹni tí ó lè jiyàn rẹ̀. Olùkọ́ kò gbọdọ̀ fi àkísà dúró níwájú ọmọ iléèwé, ẹni tí ń wá iṣẹ́ kò sì gbọdọ̀ rí wúruwùru. Báwo wá ni ènìyàn yóò ti ṣe é tí kò fi ní tìtorí aṣọ pa ebi mọ́nú?

Aṣọ àwìn àti òṣómàáló

Aṣọ àwìn kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà a máa kó aṣọ láti ìlú dé ìlú káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, wọn a sì máa tà á láwìn fún ẹni tí kò bá lè san gbogbo owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí ọjọ́ àdéhùn bá pé, oníṣòwò yóò wá lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ajigbèsè, yóò ní òṣó ni òun yóò ló títí òun yóò fi gba owó òun. Láti inú gbólóhùn yìí ni a ti sọ wọ́n ní òṣómàáló.

Òwò náà ṣe àwọn kan láǹfààní, nítorí pé ẹni tí kò ní owó lọ́wọ́ rí aṣọ fi bora. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ńlá wà níbẹ̀. Aṣọ tí a rà kí ará àdúgbò lè bọlá fún ni, òun náà ni ó ń sọ ni di ẹni tí ń gba ẹ̀yìnkùlé sá jáde. Ọgbọ́n tí ó sàn jù ni ti èésú àti àjọ. Ẹni tí ó bá ń dá àjọ díẹ̀díẹ̀ nítorí aṣọ ọdún yóò fi owó rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́jà. Kò sì sí ẹni tí yóò wá lóṣòó tì í lẹ́nu ọ̀nà.

Irú aṣọ wo ni ó kù wá kù?

Yorùbá a máa pín aṣọ sí ọ̀nà mẹ́ta: aṣọ iṣẹ́, aṣọ ìyílé àti aṣọ ìmúròde. Kí ènìyàn tó kúrò nílé, ó yẹ kí ó ti mọ èyí tí ó ṣaláìní. Ọjọ́ márùn-ún nínú méje ni olùkọ́ ń wọ aṣọ iṣẹ́, síbẹ̀ aṣọ ìmúròde, tí kò wọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ni ọ̀pọ̀ ń kó owó lé. Èyí tí ara ń lò jù ni ó yẹ kí owó pọ̀ sí jù.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí ẹnì kan bá ra ṣẹ́ẹ̀tì ní ₦5,000, tí ó sì ya lẹ́yìn ìgbà mẹ́wàá tí ó wọ̀ ọ́, ₦500 ni ó ná lé e ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kejì bá ra tirẹ̀ ní ₦12,000, tí ó sì wọ̀ ọ́ ní ọgọ́rùn-ún ìgbà, ₦120 péré ni tirẹ̀. Ta ni ó ra ọjà ọ̀wọ́n nínú àwọn méjèèjì?

Nítorí náà, kí á yí aṣọ sódì kí á tó sanwó. Kí á wò ó bóyá ojú abẹ́rẹ́ súnmọ́ra, bóyá wọ́n ṣẹ́ aṣọ kù sínú tí a lè fi tú u bí ara bá sanra. Kí á fa síìpù lọ fà á bọ̀, kí á di bọ́tìnnì, kí á nà án sókè sí ìmọ́lẹ̀. Kí á fi aṣọ ìnujú funfun tí a rẹ sómi díẹ̀ ra ìdí rẹ̀. Bí aró bá yọ́ sí i, yóò ba aṣọ mìíràn jẹ́ lọ́jọ́ tí a bá fọ̀ wọ́n pọ̀. Kí á má sì ra aṣọ ọdún nígbà tí ọdún bá ti wọlé dé tán. Lẹ́yìn Kérésìmesì àti Iléyá ni ọlọ́jà máa ń fẹ́ kí èyí tí ó ṣẹ́kù lọ, ìgbà náà ni ẹ̀dínwó ń rọrùn láti rí.

Òfin ọjà nínà

Bùtíìkì mìíràn a máa lẹ iye owó mọ́ aṣọ lára, ṣùgbọ́n béèrè ẹ̀dínwó kì í ṣe àfojúdi. Èyí tí ó jẹ́ àfojúdi ni kí á ná ohun tí a kò ní í rà. Ẹni tí ó bá dárúkọ iye kan, tí ọlọ́jà sì gbà fún un, kò gbọdọ̀ yí ẹ̀yìn padà. Bí ó bá jẹ́ àárọ̀ kùtùkùtù ni, tí ọlọ́jà kò tíì ta ọjà kankan, kí ènìyàn ṣọ́ra sí i. Ẹ kí wọn kí ẹ tó béèrè iye: "Ẹ kú ọjà o, ẹ ó jèrè." Ìkíni kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni, ó sì máa ń mú ọlọ́jà rọjú.

Àwọn mìíràn a máa lọ sí Kàtàńgúwà tàbí Yábàá ní Èkó lọ ra òkìríkà. Òtítọ́ ni pé ìjọba Nàìjíríà ti fi òfin de kíkó aṣọ àlòkù wọ orílẹ̀-èdè yìí. Òtítọ́ sì ni pé ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ń tibẹ̀ rí aṣọ wọ̀. Ẹni tí ó bá rà á, kí ó fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kí ó lọ̀ ọ́ dáadáa kí ó tó kàn án mọ́ ara, kí ó sì fi àwọ̀tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín.

Aṣọ ẹbí

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù ni aṣọ ẹbí. Orúkọ rẹ̀ fi hàn pé ti ẹbí ni, kí a lè dá ọmọ olóòkú tàbí ọmọ ìyàwó mọ̀ láwùjọ. Lónìí, ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ ẹni náà ń gbé e wá, ẹni tí kò bá sì rà á ń bẹ̀rù pé a ó sọ pé kò nífẹ̀ẹ́. Àwọn ìdílé kan ti ń mú àwọ̀ gèlè àti fìlà nìkan, kí oníkálukú lè lo aṣọ tí ó ti ní. Ìyẹn bá ọgbọ́n àwọn baba wa mu, ó sì yẹ kí àwọn àgbà ẹbí máa fi ọwọ́ sí i.

Yorùbá ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. A máa ń fi òwe yìí bu ọmọdé kù, ṣùgbọ́n ó tún kọ́ ni pé aṣọ tí ó pẹ́ lára ẹni títí ó fi di àkísà kì í ṣe ohun ìtìjú. Owó rẹ̀ ti pé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń lọ sí ọjà lópin ọ̀sẹ̀ yìí, bí òfì kò bá tíì sí, ẹ ra kíjìpá, kí ẹ sì san owó rẹ̀ tán.