Ilé Ọba Jó, Ó Bù Sí I: Ilé Mẹ̀kúnnù Ńkọ́?

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé, "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i." Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó gbọ́ òwe yìí lẹ́nu àwọn ìyá wa kí a tó mọ ìwé kà. A máa ń fi í tu ẹni tí àdánù bá nínú, kí ó lè gbójú sókè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á bi ara wa léèrè: ta ni ó tún ilé ọba náà kọ́? Gbogbo ìlú ni. Àwọn ọ̀dọ́ po amọ̀, àwọn obìnrin pọn omi, àwọn àgbẹ̀ ru koríko wá, àwọn ọlọ́jà sì dá owó jọ. Òwe náà kò sọ pé iná dára. Ohun tí ó ń sọ ni pé ẹni tí ó ní ènìyàn lẹ́yìn kì í pẹ́ nínú eérú. Kí ni ó wá ń ṣẹlẹ̀ sí ìdílé tí kì í ṣe ti ọba, tí iná sì jó ilé wọn ní Attakè, ní Ouando tàbí ní Tokpota, nínú ìlú Àjàṣẹ́ wa yìí? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò pẹ̀lú ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Ẹ̀rí òwe náà kò jìnnà sí wa. Ní ọdún 1892, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Faransé ń bọ̀ wá gba Abomey, ọba Béhanzin pàṣẹ pé kí wọ́n ti iná bọ ààfin, kí ó má baà bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tá. Nígbà tí ó yá, a tún apá kan nínú ààfin náà ṣe, àti pé ní ọdún 1985, àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ogún tí ó jẹ́ ti gbogbo aráyé. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, iná tún ṣẹ́ nínú ààfin yìí, ó sì jó àwọn ilé mélòó kan run. Ìròyìn rẹ̀ kàn ká ayé, àwọn onímọ̀ sì wá wo ohun tí ó bàjẹ́ àti bí a ó ṣe tún un kọ́. Orúkọ ni ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ilé tí ó bá ní orúkọ, ayé a máa bá a sunkún. Ilé oníyàrá méjì tí ó wà ní ẹ̀yìn ọjà kò ní orúkọ bẹ́ẹ̀.

Iná Sèmè-Kraké

Ní ọjọ́ Sátidé, 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, iná ńlá kan ṣẹ́ ní agbègbè Sèmè-Podji, nítòsí ẹnubodè Nàìjíríà, nínú ẹkùn Ouémé tí ìlú tiwa náà wà. Ibi tí wọ́n ń kó epo pẹtiróòlù fàyàwọ́ pamọ́ sí ni iná náà ti bẹ̀rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí agbẹjọ́rò ìjọba ti sọ lẹ́yìn náà, ó dà bí ẹni pé ìgbà tí wọ́n ń já àwọn àpò epo sílẹ̀ ni iná ràn mọ́ ọn. Mínísítà fún ọ̀rọ̀ abẹ́lé, Alassane Séïdou, kéde pé ènìyàn 34 ni ó kú, àti pé ọmọ ọwọ́ méjì wà nínú wọn. Wọ́n gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn mìíràn tí iná bó lára lọ sí ilé ìwòsàn.

Àwòrán èéfín dúdú náà tàn ká gbogbo ayé kí ọjọ́ tó ṣú. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan fi kọjá, ìròyìn mìíràn ti gba ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ilé tí òkú ti jáde, àti nínú àwọn ilé tí ẹni tí ó ń bọ́ wọn ti dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn, ìyà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni.

Gbogbo wa ni a mọ kpayo. A ń rí i nínú ìgò lẹ́bàá títì, láti Ouando títí dé ẹnu afárá. Ó ti bọ́ ìdílé púpọ̀, ó ti rán ọmọ púpọ̀ lọ sí ilé ìwé. Nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú yọ owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní Nàìjíríà ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó epo fò sókè ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹnubodè, ṣùgbọ́n òwò náà kò parẹ́. A kò kọ èyí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Opó tí ó ń ta ìgò epo mẹ́wàá lójúmọ́ kò ní ibi ìpamọ́ mìíràn ju yàrá tí ó ń sùn lọ. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ooru tí ń jáde láti ara pẹtiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ni ó sì máa ń rìn. Ó lè gba abẹ́ ilẹ̀kùn kọjá, kí ó lọ bá iná ààrò tàbí àbẹ́là ní yàrá kejì, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹni tí ó bá gbé kpayo sí abẹ́ ibùsùn, orí iná ni ó ń sùn.

Oṣù kẹta ni ó le jù

Ní ọjọ́ kìíní, ènìyàn a máa pọ̀. Aládùúgbò a gbé gààrí àti àgbàdo wá, ẹlòmíràn a mú aṣọ wá, ìmáàmù a ṣe àdúrà, pásítọ̀ náà a ṣe tirẹ̀. "Ẹ kú ewu iná o. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí á rí irú rẹ̀ mọ́." Ojú àánú ni, a kò sì gbọ́dọ̀ fojú kéré rẹ̀. Ìdílé tí ó jáde pẹ̀lú aṣọ ara nìkan, oúnjẹ ọjọ́ yẹn ni ẹ̀mí wọn.

Nígbà tí oṣù kan bá pé, ohùn àwọn olùbánikẹ́dùn a ti rọlẹ̀. Ìdílé a ti tú ká. Bàbá wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyá gbé ọmọ ọwọ́ lọ sí ilé àwọn òbí rẹ̀, àwọn ọmọkùnrin méjì ń sùn ní pálọ̀ ọ̀rẹ́ bàbá wọn. Kò sí ẹni tí ó lé wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń gbọ́ bí ẹnu ilẹ̀kùn ṣe ń dún nígbà tí onílé bá wọlé. Àlejò ọjọ́ mẹ́ta a máa jẹ ẹran. Ti oṣù mẹ́ta a máa dáná fúnra rẹ̀, a sì máa rọra kó àwo rẹ̀ kúrò nílẹ̀.

Ní oṣù kẹta ni gbèsè ń dé. Iná kò jó ilé nìkan, ó jó iṣẹ́ mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń ṣòwò nínú ilé tí a ń gbé: ẹ̀rọ ìránṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ìdì aṣọ tí a fẹ́ tà wà lókè àjà, òǹgbọ́n ẹja wà nínú ìlé ìdáná. Bí ìyá ilé bá tún jẹ́ ẹni tí ń gba owó àjọ ọwọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, owó àwọn ẹlòmíràn ti bá tirẹ̀ jó. Kò sí ẹni tí yóò pè é ní olè, síbẹ̀ ojú rẹ̀ kò ní gba ọjà wọ̀. Irú ìtìjú yìí kì í hàn nínú àwòrán èéfín.

Kì í ṣe àwọn tí owó kò tó lọ́wọ́ nìkan ni èyí ń dé bá. Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, iná jó ilé alájà gíga kan tí ń jẹ́ Grenfell Tower ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2017, ènìyàn 72 sì kú. Ọrẹ àti aṣọ rọ́ dé láti gbogbo ìlú. Síbẹ̀, nígbà tí ọdún kan pé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìdílé tí iná lé jáde ni kò tíì ní ilé tí wọ́n lè pè ní tiwọn. Ọrẹ yá, ilé kò yá. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ní ìlú ọlọ́rọ̀, ó yẹ kí àwa náà mọ̀ pé àánú ọjọ́ kìíní nìkan kò tó.

Ìwé tí ó jó

Ohun kan wà tí àwọn ènìyàn kì í rántí títí ilé ìwé yóò fi béèrè fún un: ìwé ìbí. Ọmọ tí yóò ṣe ìdánwò CEP, BEPC tàbí BAC gbọ́dọ̀ mú un wá. Bí ó bá jó, kí a má ṣe jẹ́ kí ọmọ pàdánù ọdún kan nítorí rẹ̀. Ìforúkọsílẹ̀ ìbí kì í wà nínú àpótí òbí nìkan. Ó wà nínú ìwé ńlá ìjọba pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá ti ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀, èyí tí a ń pè ní NPI, lè béèrè fún ìwé ìbí tuntun lọ́wọ́ ANIP, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ó ń bójú tó ìdánimọ̀ àwọn ará ìlú. Ẹni tí a kò bá rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìjọba rárá, ilé ẹjọ́ ni yóò gbà lọ.

Ti ilẹ̀ tún le ju èyí lọ. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni kò ní ju ìwé kan ṣoṣo tí ẹni tí ó tà á fún bàbá wọn fọwọ́ sí, tí àwọn ẹlẹ́rìí sì tẹ̀ka sí. Bí ìwé náà bá jó, tí ẹlẹ́rìí sì ti kú, iná ti ṣí ilẹ̀kùn fún ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ó bá ní titre foncier, àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ANDF, iná ilé kò sì lè dé ibẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ yín nìyí. Ẹ fi fóònù yín ya àwòrán ìwé ìbí, ìwé ilẹ̀ àti ìwé ẹ̀rí gbogbo ará ilé. Ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí ó ń gbé ìlú mìíràn. Àwòrán kì í di ojúlówó ìwé, ṣùgbọ́n nọ́ńbà àti ọjọ́ tí ó wà lórí rẹ̀ ni yóò tọ́ni sọ́nà.

Ara àti ọkàn

Ẹni tí iná bó lára, omi tútù tí ó mọ́ ni kí a kọ́kọ́ máa dà sí i, fún bí ogún ìṣẹ́jú, kí a tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Kí a má ṣe fi àdín, ẹyin tàbí ọṣẹ ìfọyín sí ojú egbò. Wọ́n ń sé ooru mọ́ inú ara, wọ́n sì lè mú kí egbò kẹ̀. Bí epo ni ó ń jó, kí a má da omi sí i, nítorí epo yóò léfòó lórí omi, yóò sì gbé iná kiri. Yanrìn ni kí a dà sí i bí iná náà bá kéré. Bí ó bá ti pọ̀, kí a jáde, kí a sì pe àwọn panápaná sí 118.

Egbò ọkàn kò ní ojú tí a lè wò. Ọmọ tí ó ti ń sùn dáadáa tẹ́lẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ẹní. Òmíràn a máa sunkún bí ìyá rẹ̀ bá ṣáná sí ìṣáná. Bàbá tí kì í bínú a di oníbìínú. Kì í ṣe àsàsí, kì í ṣe ìwà burúkú. Ẹ̀rù ni, ó sì lè tán bí a bá jẹ́ kí ọmọ sọ̀rọ̀, tí a jẹ́ kí ó padà sí ilé ìwé kíákíá, tí a kò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí oṣù bá ń gorí oṣù tí kò dẹwọ́, kí a mú un lọ bá dókítà.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ọ̀wẹ̀

Àwọn baba wa kò ní ilé ìfowópamọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọ̀wẹ̀ àti àáró. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ilé a pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n á wá po amọ̀, wọ́n á mọ ògiri, wọ́n á bo òrùlé, onílé a sì ṣe oúnjẹ. Kò sí ẹni tí ó ń ka ọjọ́ tí ó fi sílẹ̀, nítorí pé ọjọ́ tirẹ̀ náà ń bọ̀. Sìmẹ́ǹtì àti páànù ti rọ́pò amọ̀ àti koríko, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn kò tíì yí padà.

Ohun tí a ń dá lábàá kò ṣòro. Bí iná bá jó ilé kan ní àdúgbò, kí àwọn ẹgbẹ́ wa, ti ọjà, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti mọ́ṣáláṣí àti ti àwọn ọ̀dọ́, pàdé ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kí wọ́n sì pín ìrànwọ́ sí oṣooṣù dípò kí gbogbo rẹ̀ rọ́ dé ní ọjọ́ kan. Kí ẹgbẹ́ kan mú oúnjẹ oṣù kìíní, kí òmíràn mú owó ilé ìwé. Kí àwọn tẹ́lọ̀ wá ẹ̀rọ ìránṣọ fún tẹ́lọ̀ ẹgbẹ́ wọn. Kí bíríkìlà àti káfíńtà fi Sátidé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Kí ọ̀dọ́ kan tí ó mọ ìwé tẹ̀ lé ìyá ilé lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gba ìwé ìbí. Kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àjọ sì jókòó, kí wọ́n pinnu pọ̀ bí wọn yóò ṣe ru àdánù náà, kí ó má baà jẹ́ orí obìnrin kan ṣoṣo ni yóò wà. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí.

Nígbà náà ni òwe àwọn àgbà yóò bá mẹ̀kúnnù mu. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí iná bá jó ilé aládùúgbò yín, ẹ lọ kí i ní ọjọ́ kìíní, kí ẹ sì gbé ohun tí agbára yín ká lọ́wọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, kí ẹ ka oṣù mẹ́ta, kí ẹ sì tún padà lọ wò ó. Ní ọjọ́ yẹn, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ẹ̀yin nìkan ni àlejò tí yóò kan ilẹ̀kùn rẹ̀.