Ẹ̀kọ́ Gbogbogbòò Nínú Ètò ND: Ohun Tó Fi Kan Ọmọ Yorùbá Yankaba

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga gbogboǹṣe, èyí tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí pólì, láti gba ìwé-ẹ̀rí ọlọ́dún méjì tí wọ́n ń pè ní ND nínú ìṣirò owó tàbí iṣẹ́ iná mànàmáná, yóò bá àwọn kọ́ọ̀sì kan pàdé tí kò jọ pé wọ́n bá iṣẹ́ tó wá kọ́ tan: lílo èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀tọ́ àti ojúṣe ọmọ orílẹ̀-èdè, àti bí èèyàn ṣe ń dá okòwò tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ gbogbogbòò ni wọ́n ń pè wọ́n lápapọ̀, GNS sì ni àmì tó máa ń ṣáájú nọ́ńbà ọ̀pọ̀ nínú wọn. Dandan ni wọ́n, débi pé ẹni tó yege nínú gbogbo kọ́ọ̀sì iṣẹ́ rẹ̀, àmọ́ tó fìdí rẹmi nínú ẹyọ GNS kan, ní láti padà lọ tún un ṣe kó tó lè gba ìwé-ẹ̀rí.

Àjọ NBTE, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977 tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Kaduna, ló ń fi ìlànà ẹ̀kọ́ lélẹ̀ fún àwọn pólì. Nínú ìlànà náà, ẹ̀kọ́ gbogbogbòò kò gbọdọ̀ ju ìdá 15 nínú 100 gbogbo wákàtí ẹ̀kọ́ lọ, nígbà tí àwọn kọ́ọ̀sì iṣẹ́ gan-an ń gba ìdá 60 sí 70, tí kọ́ọ̀sì ìpìlẹ̀ bíi ìṣirò sì ní ìpín tirẹ̀. Ìpín kékeré ni èyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Amẹ́ríkà, níbi tí irú ilé-ẹ̀kọ́ ọlọ́dún méjì bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Joliet ní 1901. Ní Houston, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú yóò ṣe yúníìtì ẹ̀kọ́ gbogbogbòò 15 ó kéré tán nínú nǹkan bíi 60. Ẹni tó bá fẹ́ ti ibẹ̀ kọjá sí yunifásítì yóò ṣe yúníìtì 42 tí òfin ìpínlẹ̀ Texas là sílẹ̀, tí mẹ́fà nínú rẹ̀ jẹ́ ìtàn Amẹ́ríkà, tí mẹ́fà mìíràn sì jẹ́ ẹ̀kọ́ nípa ìjọba.

Láti Amẹ́ríkà náà ni èrò ẹ̀kọ́ gbogbogbòò ti wọ Nàìjíríà. Yunifásítì Nsukka, tó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní 1960 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Michigan State University, ló kọ́kọ́ sọ ẹ̀kọ́ gbogbogbòò di dandan, nígbà tí Ìbàdàn ṣì ń tẹ̀ lé ọ̀nà àwọn Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ kì í ti í yà kúrò lórí ìmọ̀ tó yàn.

Ní Kano ni ọ̀rọ̀ náà ti wọni lára jù. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí àdúgbò Yankaba níbẹ̀, tó gbọ́ Hausa bí ẹní tó mumi, tó sì wọ Kano State Polytechnic, èyí tó ti wà láti 1976, máa ń kọ́kọ́ bá ìbéèrè nípa ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ pàdé, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, owó tí ọmọ ìbílẹ̀ ń san kì í tó ti àjèjì. Inú kọ́ọ̀sì ẹ̀tọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè ló yẹ kó ti mọ̀ pé abala 41 nínú Ìwé Òfin 1999 fún un láṣẹ láti gbé ibi tó bá wù ú, pé abala 43 fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti ní ilé àti ilẹ̀ níbikíbi ní Nàìjíríà, pé abala 42 lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ nítorí ẹ̀yà, àmọ́ pé abala 318 tún so jíjẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ mọ́ ibi tí òbí tàbí òbí-àgbà ti wá. Àwọn abala wọ̀nyí kò fara mọ́ra wọn dáadáa, ẹni tó bá sì ń gbé Sabon Gari, àdúgbò tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ya sọ́tọ̀ fún àwọn àlejò lẹ́yìn tí rélùwéè dé Kano, kò lè fi ojú kékeré wo irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ba iṣẹ́ jẹ́ ni ọ̀nà tí wọ́n fi ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ gbogbogbòò. Bí wọ́n bá kó èrò rẹpẹtẹ jọ sínú gbọ̀ngàn kan, tí olùkọ́ ń ka ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ti tà fún wọn tẹ́lẹ̀, tí ìdánwò sì jẹ́ kí wọ́n kàn mú ìdáhùn kan nínú mẹ́rin, orúkọ àwọn abala òfin nìkan ni yóò kù lórí akẹ́kọ̀ọ́, kò sì ní ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Kọ́ọ̀sì èdè Gẹ̀ẹ́sì kan náà ìbá yàtọ̀ bí olùkọ́ bá ní kí wọ́n kọ àdéhùn láàárín oníṣòwò tòmátì ní ọjà Yankaba àti awakọ̀ tí yóò gbé ẹrù rẹ̀ dé ọjà Mile 12 ní Èkó, kí wọ́n sì sọ kedere nínú rẹ̀ ẹni tí yóò ru àdánù bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ lọ́nà tí apẹ̀rẹ̀ tòmátì sì jẹrà. Ọ̀rọ̀ kan tó ṣókùnkùn nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè gbé èrè odidi oṣù lọ, ìdí nìyí tí ọmọ oníṣòwò yóò fi kọ ọ́ tọkàntọkàn.

Ìfàsẹ́yìn mìíràn ń dúró de ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú. ND tó dára lè gbé akẹ́kọ̀ọ́ wọ ọdún kejì ní yunifásítì nípasẹ̀ JAMB, àjọ tó ń ṣètò ìgbàwọlé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ yunifásítì ni yóò tún ní kó jókòó ti àwọn ọmọ ọdún kìíní láti ṣe ẹ̀kọ́ gbogbogbòò, tí wọ́n ń fi GST dá mọ̀ lọ́dọ̀ tiwọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ṣe èyí tó jọ ọ́ ní pólì. Ní Texas, òfin kò gba irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ láyè: ẹni tó bá parí yúníìtì 42 náà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú ti parí rẹ̀ nìyẹn, dandan sì ni kí yunifásítì ìjọba tó bá gbà á wọlé ka gbogbo rẹ̀ fún un.