Atẹ́gùn Tí Ń Ti Ilẹ̀ Wá: Eré Orí Òkun Ní Rhosneigr

Ní etí òkun ìwọ̀ oòrùn erékùṣù Anglesey, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Wéélsì, ìlú kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Rhosneigr. Ní ọjọ́ tí ìjì bá ń pariwo níbẹ̀, tí àwọn arúgbó ń ti fèrèsé, ọjọ́ náà gan-an ni ẹ ó rí àwọn kan tí wọ́n di pákó mọ́ orí ọkọ̀, tí wọ́n ń sáré bọ̀ wá sí etí òkun. Orí wọn kò dàrú o. Atẹ́gùn ni ọjà tí wọ́n wá ná.

Oríṣi eré méjì ni wọ́n ń ṣe. Nínú ti èkíní, ènìyàn a dúró lórí pákó pẹlẹbẹ kan tí ó ní òpó àti ìgbòkun; òun ni atukọ̀, òun náà ni èrò ọkọ̀. Nínú ti èkejì, káìtì ńlá ni atẹ́gùn ń gbé lókè. Okùn rẹ̀, tí ó lè gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 80, wà lára ìgbàdí eléré, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà lórí pákó kékeré. Eré ìgbòkun ti wọ ìdíje Olympic láti ọdún 1984. Ti káìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́ ní 2024 ni, ní Marseille ní ilẹ̀ Faransé.

Ohun tí ó sọ Rhosneigr di ààyò ni pé àárín gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn ni atẹ́gùn ibẹ̀ sábà máa ń gbà wá, etíkun náà sì kọjú sí i. Kò sí òkè kankan tí yóò dí i lọ́nà. Bí ó bá ń sáré máìlì 15 ní wákàtí kan, oníkáìtì ti lè bọ́ sómi. Onígbòkun a máa fẹ́ kí ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Bí ó bá kọjá 30, kí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sórí iyanrìn kí ó máa wòran.

Omi náà kò dúró sójú kan. Ní nǹkan bí wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà ni òkun ń kún tí ó sì ń fà. Bí ó bá fà, iyanrìn a tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ, àwọn àpáta a sì yọrí. Bí ó bá kún, ibi tí oníkáìtì yóò sọ káìtì rẹ̀ kalẹ̀ sí a há. Òtútù ńkọ́? Ní oṣù kẹta ọdún, omi náà kò gbóná ju nǹkan bí ìwọ̀n 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ. Aṣọ rọ́bà kì í ṣe fáàrí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n atẹ́gùn tí ń ti ilẹ̀ wá, láti ìlà oòrùn, ni ẹlẹ́tàn. Létí omi a máa rọra fẹ́, nítorí ilé àti òkìtì iyanrìn dí i. Òkun a tẹ́ bí ẹní. Àlejò a ní irú ọjọ́ báyìí ló dára. Bí ó bá jìnnà díẹ̀ sí èbúté, atẹ́gùn a le, a sì máa tì í lọ sí ọ̀nà Ireland. Ẹni tí atẹ́gùn òkun bá borí, iyanrìn ni yóò gbé e padà sí. Ta ni yóò gbé ẹni yìí padà? Kí ó má ṣe fi pákó rẹ̀ sílẹ̀ láti lúwẹ̀ẹ́; pákó a máa léfòó, ojú a sì tètè rí i. Ẹni tí ó wà létí omi ni kí ó pe 999, kí ó béèrè fún àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun.

Atẹ́gùn òkun náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ nígbà gbogbo. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ, 1941, ọkọ̀ òfurufú ogun kan já sínú omi níwájú ìlú yìí nígbà tí òkun ń ru. Àwọn ọmọkùnrin méjì, ọmọ ọdún 17, ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ kékeré lọ. Ẹni 11 nínú àwọn tí ó lọ gba àwọn awakọ̀ náà là ni ó bómi lọ. Àwọn ọmọ méjèèjì yè, wọ́n sì gba àmì ẹ̀yẹ George Medal.

Bí ọmọ yín tí ó wà ní Liverpool tàbí Manchester bá tẹ̀ yín láago pé òun ń lọ kọ́ eré yìí, kí ẹ tó béèrè iye owó rẹ̀, ẹ bi í léèrè ibi tí atẹ́gùn yóò ti fẹ́ lọ́jọ́ náà, aago mélòó ni òkun yóò kún, àti ta ni yóò dúró létí omi máa wò ó.